Láìnì tí Màmá Gbóná Pa Mọ́

Gbóná-gbóná ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é, nítorí pé tíì rẹ̀ kì í tutù. Nígbà tí irun orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í funfun ni àwọn nọ́ọ̀sì fi Màmá ṣáájú, ó sì di Màmá Gbóná. Tíì, búrẹ́dì àti ẹyin bíbọ̀ ló ń tà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn ńlá. Èmi télọ̀ ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí mo ń rán aṣọ iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì, tí mo sì ń bá àwọn tó wá tọ́jú aláìsàn lẹ ṣòkòtò tó ya. Ohun tó wà láàárín ìsọ̀ wa kò ju bẹ́ǹṣì kan lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ó ṣojú mi kòró.

Obìnrin tó le ni. Kò sí ẹni tó lè gbé ife rẹ̀ wọlé kó má dá a padà. Á tọ ife náà lọ títí dé ẹsẹ̀ ibùsùn, á káwọ́ sẹ́yìn, á ní, "Ṣé ife mi náà ń ṣàìsàn ni, tí ẹ fi gbà á síbùsùn?" Nọ́ọ̀sì á rẹ́rìn-ín, aláìsàn tó ń jẹ̀rora á rẹ́rìn-ín, òun nìkan kò ní rẹ́rìn-ín títí ife á fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún un, ọkùnrin, "Ọkọ mi" ló sì ń pè é, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń fi ọmọkùnrin wọn ṣeré. Ọmọ náà gba eré yìí bí orúkọ. Bó bá ti ilé ìwé dé, á dúró níwájú ìsọ̀, á ní, "Màámi, ọkọ yín dé o, oúnjẹ dà?" A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé irú ọkọ wo ló ń wọ ṣòkòtò péńpé.

Ọkọ yìí dàgbà, ó kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà, kò ríṣẹ́ ṣe. Ó bá àwọn kan lọ sí òkè òkun, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà kì í ṣe ọ̀nà bàálù. Lójú ọ̀nà náà ni wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló mọ̀ sórí, ti ìyá rẹ̀ ni, nítorí pé Màmá Gbóná ti fi kọ́ ọ bí orin nígbà tó wà ní kékeré, kó má baà sọnù. Láti ìgbà náà, fóònù onífóònù ló fi ń pè, lónìí nọ́ńbà yìí, ní ìgbà mìíràn nọ́ńbà tọ̀hún. Ìpè náà kì í pẹ́ rárá. "Màámi, ọkọ yín ni o. Mo wà láàyè." Ó tán nìyẹn, wọ́n ti gba fóònù wọn. Ó lè pẹ́ títí kó tó tún pè, ṣùgbọ́n bó bá ti pè, tíì ọjọ́ náà máa ń dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí kò ní wo ṣúgà tó ń dà sí i.

Nígbà tó yá, àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn ní a ń ba ẹnu ọ̀nà jẹ́. Wọ́n kó gbogbo wa lọ sẹ́yìn, sí àárín ilé jẹnẹrétọ̀ àti ògiri ilé òkú. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n ṣépè! Ta ló fẹ́ wá mu tíì níbi tí wọ́n ti ń gbé òkú kọjá? Níwájú, ojú ló ń pe oníbàárà. Lẹ́yìn yìí, fóònù nìkan ló kù: kí nọ́ọ̀sì pè láti wọ́ọ̀dù pé tíì mẹ́rin, búrẹ́dì méjì, kí Màmá Gbóná gbé e lọ bá wọn. Fóònù Màmá Gbóná kò sì dún. Kì í ṣe pé wọn kò pè. Láìnì rẹ̀ ni nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ kì í dé àárín ògiri méjèèjì náà. Àwọn nọ́ọ̀sì pè títí, ó sú wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra ti oníkọfí tó wà nínú ọgbà. Ẹyin tí Màmá Gbóná bọ̀ láàárọ̀, òun náà ló ń jẹ ẹ́ lálẹ́. Ó ní bó bá ń bá a lọ báyìí, òun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí adìyẹ.

Ọmọkùnrin kan wà tó ń ta láìnì lábẹ́ agboòrùn lẹ́bàá títì, Oníláìnì ni gbogbo wa ń pè é. Èmi ni mo mú Màmá Gbóná lọ bá a. Ó gbé oríṣi láìnì tó ní wá sí ìsọ̀ wa, ó ń fi wọ́n sí fóònù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárín ògiri, ó ń na fóònù sókè. Ọ̀kan kò gbà rárá. Òmíràn ń gbà, ó ń já. Ẹ̀kẹta ló gbà kedere.

"Màmá, eléyìí ni tiyín. Ẹ wo ìparí nọ́ńbà ẹ̀: méje, méje, méje. Aláìsàn tí ò rántí orúkọ ara ẹ̀ gan-an á rántí nọ́ńbà yìí."

"Tàtijọ́ ńkọ́?" ni Màmá Gbóná wí. "Ọkọ mi ò mọ òmíràn."

"Ẹ pa á mọ́, Màmá. Ṣebí láìnì yín ni. Ta ló máa gbà á lọ́wọ́ yín?"

Fóònù Màmá Gbóná, fóònù kékeré olójú tọ́ọ̀ṣì, láìnì kan ṣoṣo ló ń gbà. Ló bá ń pààrọ̀ wọn. Láàárọ̀ á fi tuntun sí i, bó bá délé nírọ̀lẹ́ á yọ ọ́, á fi tàtijọ́ sí i, á sì gbé fóònù sórí àga bí àlejò. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Lọ́sàn-án, ẹ̀rù á máa bà á pé ọmọ òun ń pè. Nírọ̀lẹ́, àwọn nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ á pè é tì. Kò pẹ́ tí ibi tí à ń fi láìnì sí fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe wò ó, ó ní, "Ìyá, ẹ má tú u mọ́ o. Tí ẹ bá tún tú u, ó parí." Èyíkéyìí tí ó bá fẹ́, kí ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ náà, kò bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa, ó kó láìnì méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́.

"Télọ̀, tí mi ò bá tà, kí ni mo máa jẹ tí mo fi máa dúró dè é? Tí mo bá sì tà, ibo ló máa pè tó ti máa bá mi?"

Òun náà ló dá ara rẹ̀ lóhùn, ó ní òun yóò fi tuntun tajà, ohun tí òun bá rí níbẹ̀ ni òun yóò fi ra fóònù tó ń gba láìnì méjì, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ó gba èérún aṣọ funfun kan lọ́wọ́ mi, ó fi etí ìró nu láìnì àtijọ́ náà, ó wé e, ó fi sínú agolo pówùdà, ó gbé agolo lọ sísàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀, ó tì í. Lọ́jọ́ kejì, ó ní, "Mo ti pa á mọ́." Ojú rẹ̀ balẹ̀ bí ojú ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ọmọ sùn.

Ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Méje-méje-méje kò sinmi. Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ń pè, yàrá iṣẹ́ abẹ ń pè, àwọn tó ń ṣọ́ ilé òkú pàápàá ń pè, àwa sì ń rẹ́rìn-ín pé kí ó kọ́kọ́ bi wọ́n ta ló fẹ́ mu tíì. Oníkọfí di ẹni tó ń wá yá ṣúgà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan wọ́n, fóònù náà sì ń wọ́n sí i. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ, kí ó tó rà á. Lọ́jọ́ tó rà á, kò gbé e jáde títí tí Oníláìnì fi dé. Ó gbé agolo pówùdà kalẹ̀. Èmi ni mo tú aṣọ funfun náà. Láìnì ń dán nínú rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á.

Oníláìnì fi í sí fóònù. Ó wò ó, ó yọ ọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tún fi í sí i. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Màmá, ìgbà wo lẹ lò ó kẹ́yìn?"

"Mo pa á mọ́ ni."

"Ẹ ò fi pe ẹnikẹ́ni? Ẹ ò kó káàdì sí i?"

"Ṣé ẹni tó pa nǹkan mọ́ tún ń lò ó ni?"

Oníláìnì kúnlẹ̀ sínú eruku. Ó ní bí láìnì bá pẹ́ tí kò ṣiṣẹ́, iléeṣẹ́ tó ni ín á gbà á padà, wọ́n á tà á fún ẹlòmíràn. Ó ní òun rò pé ó mọ̀. Ó rò pé ó mọ̀! Igi tí mo fi ń wọn aṣọ wà lọ́wọ́ mi, díẹ̀ ló kù kí n là á mọ́ ọn. Ẹnu tó fi sọ pé ta ló máa gbà á, ẹnu kan náà ló tún fi ń sọ èyí.

Màmá Gbóná kò wo ọ̀kankan nínú wa. Ó fi méje-méje-méje pe nọ́ńbà ara rẹ̀. Ó dún. Ọkùnrin kan ló gbé e, ariwo ọkọ̀ ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo wa ló ń gbọ́ ọ, nítorí ó ti fi ohùn fóònù sókè.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni mo ni láìnì tí ẹ ń lò yẹn, ọ̀gá."

"Hẹn-ẹ́n! Wọ́n tún ti dé. Ìyá, èmi ni mo ra láìnì yìí, orúkọ mi ni mo fi rẹjísítà ẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ni mí, ẹ jẹ́ kí n gbájú mọ́ ọkọ̀ mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa fóònù. Ṣé ẹnì kan pè yín, tó ń wá ìyá ẹ̀?"

"Ìyá ẹ̀ kẹ̀? Ẹni tó ń yọ mí lẹ́nu, ọkọ mi ló ní òun jẹ́! Nọ́ńbà òkè òkun ni. Bí mo bá ti gbé e, 'Ọkọ yín ni o.' Èmi ọkùnrin, èmi tí ìyàwó mi jókòó tì mí, tó ń fojú bi mí léèrè. Mo rò pé àwọn gbájú-ẹ̀ ni. Mo bú u. Ó tún pè. Ọkọ mi náà ni, ó wà láàyè."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Oníláìnì, ó yára fọwọ́ bo ẹnu. Èmi náà, kí n má parọ́, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́fun. Màmá Gbóná ní, "Ọmọ mi ni. Bó ṣe máa ń pe ara ẹ̀ fún mi nìyẹn. Ìgbà tó pè kẹ́yìn, kí ló sọ?"

A gbọ́ tí ọkọ̀ náà dẹ eré, tó sì dúró. Nígbà tí ọkùnrin náà máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ìyá, ó ń sunkún. Ó ní ṣé ẹni tó ni láìnì náà ló kú, tí wọ́n fi tà á fún mi. Inú ń bí mi lọ́jọ́ yẹn ni, ọkọ̀ bàjẹ́ sí mi lọ́wọ́ lójú ọ̀nà..."

"Kí lẹ wá sọ fún un?"

"Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ó ti kú, kó jẹ́ kí n sinmi. Kò sì pè mọ́."

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ni í fọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá ẹlẹ́yin yìí gbá ẹyin fífọ́ nílẹ̀, mi ò tíì rí èyí tó ṣeé kó padà sínú èèpo. Màmá Gbóná mú fóònù náà súnmọ́ ẹnu. Kì í ṣe dẹ́rẹ́bà ló ń bá sọ̀rọ̀ mọ́. "Mi ò kú o," ló ń wí. "Ọkọ mi, mi ò kú." Dẹ́rẹ́bà ń bẹ̀bẹ̀, ó ń búra pé òun náà lọ́mọ. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló kù lórí fóònù rẹ̀ nínú àwọn tí ọmọ náà fi pè, ó kà á fún wa. A pè é. Ẹni tó gbé e ń sọ èdè tí a kò gbọ́, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó pa á. Nígbà tí a tún pè, kò wọlé mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ló tó yíjú sí mi. "Télọ̀, mo ní mo pa á mọ́. Àṣé pípa ni mo ń pa á." Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Òun kò sunkún, ó bu omi sínú kẹ́tùlù, nítorí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ti ń pè.

Ká má parọ́ mọ́ dẹ́rẹ́bà náà, ó tiraka. Nígbà tí iṣẹ́ gbé e gba ọ̀dọ̀ wa, ó wá, ó bá Oníláìnì lọ sí iléeṣẹ́ tó ni láìnì, wọ́n yí i padà sí orúkọ Màmá Gbóná. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Kò lè wojú rẹ̀. Màmá Gbóná po tíì fún un, ó sì gba owó tíì rẹ̀.

Láìnì méjèèjì ló wà nínú fóònù kan báyìí, bó ṣe fẹ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Méje-méje-méje ń dún látàárọ̀ dalẹ́. Tàtijọ́ kò tíì dún láti ìgbà náà. Ta ló ń pe òkú lórí fóònù?

Síbẹ̀, kò jẹ́ kí láìnì náà kú lẹ́ẹ̀kejì. Lójoojúmọ́, tí ọwọ́ bá ti dilẹ̀, á sọ pé kí n bá òun wo ìsọ̀, á rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà àtijọ́ níbi tí nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ ń dé, á fi láìnì náà pè mí. Mo ti mọ ohun tó máa sọ kí n tó gbé e.

"Télọ̀, èmi ni o. Mo wà láàyè."

Mo máa ń dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, kí ariwo rẹ̀ má baà bo ohùn mi. "Mo ti gbọ́, Màámi," ni mo máa ń wí.