Ìyá Tí Mo Pè Wá Jẹun Lórí Òkè

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó yáa rín in tán kó tó máa ka èyí lọ. Èmi náà ti máa ń fi irú ọ̀rọ̀ báyìí ṣe yẹ̀yẹ́. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni mí, mi ò kì í mutí, ojú mi sì ríran dáadáa. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi kòrókòró, ọ̀sán gangan sì ni. Ká ní mo lè pa á mọ́ra ni, ǹ bá má sọ ọ́, torí ìtìjú tó wà níbẹ̀ ju ẹ̀rù rẹ̀ lọ.

Dókítà ló ní ikùn mi ti ń yọ jù, kí n máa rìn. Ìyàwó mi, Ìyá Ráṣíìdì, ní kò síbi tó dáa fún ìrìn tó òkè ẹ̀yìn abúlé àwọn, lọ́nà Lálúpọn. Orí òkè yẹn ni àwọn baba ńlá rẹ̀ tẹ̀dó sí kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sétí títì. Bẹ́ẹ̀ la ṣe wa mọ́tò kúrò ní Ẹgbẹ́da láàárọ̀ Sátidé kan nínú ọyẹ́: èmi, òun, Ráṣíìdì ọmọ wa ọkùnrin, àti Àníkẹ́, àbígbẹ̀yìn wa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

A kọ́kọ́ yà kí ìyá ìyàwó mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ṣàdúrà fún wa, a sì gbéra. Èmi ni mo gbé kúlà oúnjẹ, tí ìrẹsì, adìẹ díndín àti móínmóín eléwé wà nínú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fi ìrìn dín ikùn kù ló gbé kúlà dání o.

Àwọn ọdẹ ti dáná sun igbó òkè náà láti ìsàlẹ̀ dé orí. Eérú bo ilẹ̀, gbogbo ibi tí a bá tẹ̀ ni ipa ẹsẹ̀ wa ń hàn. Ọyẹ́ náà mú débi pé nígbà tá a fi máa gùn ún dé ìdajì, a ò rí òrùlé abúlé mọ́. Inú wa ṣáà ń dùn. Àníkẹ́ ń kọrin, Ráṣíìdì ń sáré ṣíwájú.

Nígbà tá a dókè, ìyàwó mi ní òun fẹ́ fi ahoro ilé àwọn baba òun han Ráṣíìdì, lẹ́yìn àpáta kan tí kò jìnnà. Ó ti rẹ èmi àti Àníkẹ́. A jókòó, mo ṣí kúlà, mo mú móínmóín kan fún ọmọ mi.

Ibẹ̀ la wà tí ìyá arúgbó kan fi yọ láti ẹ̀gbẹ́ àpáta, ó ru ìdì igi kékeré.

"Ẹ kú ìjókòó o," ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn.

"Ẹ ṣé o, Ìyá. Ẹ wá jẹun o."

Ẹ̀yin náà mọ bá a ṣe ń sọ ọ́. Ẹni tó ń jẹun á ní ẹ wá jẹun, ẹni tó ń kọjá á ní á gba ibi ire, kálukú á sì máa bá tiẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò rí ẹni tó dúró rí.

Ìyá yìí dúró. Ó sọ igi rẹ̀ kalẹ̀. "O ṣeun, ọmọ mi. Ó pẹ́ tẹ́nì kan ti pè mí." Ó jókòó tì wá, ó na ọwọ́ sí kúlà.

Ọwọ́ yẹn ni mo wò. Erùpẹ̀ pupa kún èékánná rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wa iṣu tán. Mo ní nínú ọkàn mi pé ṣé ọwọ́ yìí ló fẹ́ wọ inú ìrẹsì tí èmi àtàwọn ọmọ mi máa jẹ? Mo bá dé kúlà mọ́ ọn lójú.

"Ìyá, ẹ má bínú, ó ti tán."

Òórùn adìẹ ṣì ń ta sánsán. Ó wo kúlà, ó wo ojú mi. Ká ní ó tiẹ̀ bú mi ni. Ó kàn mi orí bí ẹni tó ti gbọ́ irú rẹ̀ rí, ó gbé igi rẹ̀, ó ń lọ.

Àníkẹ́ dìde. "Dádì, mo fẹ́ fún Ìyá ní tèmi."

Kí n tó lanu, ó ti sá bá a. Ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n jọ ń lọ.

Ìgbà yẹn ni mo wolẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ipa ẹsẹ̀ Àníkẹ́ hàn kedere nínú eérú, kò sí ti ìyá yẹn. Ibi tó jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gan-an, eérú ibẹ̀ wà bó ṣe wà, bí ìgbà tẹ́nikẹ́ni ò débẹ̀.

Bàbá tó bá tó bàbá í ṣe á sáré. Èmi ò sáré. Mo di kúlà mọ́ àyà, mo sì ń wò wọ́n títí ọyẹ́ fi bo àwọn méjèèjì. Ọmọ tí mo bí ni o.

Ìyàwó mi àti Ráṣíìdì gba ọ̀nà mìíràn padà. "Àníkẹ́ ńkọ́?" ni ìyàwó mi bi mí.

"Ṣebí ọ̀dọ̀ yín ló wá?"

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ojú ń tì mí láti sọ pé wọ́n mú ọmọ lọ níṣojú mi, mo sì jókòó. Ìyàwó mi ju ìborùn sílẹ̀, ó tọ ipa ẹsẹ̀ ọmọ náà lọ, ó ń sunkún, ó ń sáré. Ráṣíìdì tẹ̀ lé e. Èmi ni mo gbẹ́yìn.

Inú ahoro tí ìyàwó mi àti Ráṣíìdì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò la ti rí i. Ó jókòó sórí òkìtì ilẹ̀ kékeré kan níbi tó ti jẹ́ yàrá rí. Ewé móínmóín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Erùpẹ̀ pupa wà ní ọwọ́ rẹ̀ kan, èyí tí ìyá yẹn dì mú.

Nígbà tá a sọ̀ kalẹ̀ dé abúlé, Màmá wo ọwọ́ ọmọ náà, wọ́n sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá Ráṣíìdì, ṣé ẹ pe ẹnikẹ́ni wá jẹun lókè?"

"Rárá, Màmá. Mi ò rí ẹnì kankan."

Màmá wò mí lójú. "Ìyá wa àgbà ni wọ́n sin sínú yàrá yẹn. Ìyàn ló mú lọ́dún tí wọ́n kú. Àwọn ọmọ ni wọ́n ń fún jẹ, àwọn fúnra wọn ò jẹ. Nílé tiwa, a kì í sọ pé ẹ wá jẹun lórí òkè yẹn àfi tá a bá ti bu tiwọn sọ́tọ̀. Mo rò pé ìyàwó yín ti sọ fún yín."

Ìyàwó mi bú sẹ́kún. Ó ní òun ló jẹ̀bi, òun ló gbàgbé. Mo jẹ́ kó máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi, mo sì tún ń rọra gbá a lẹ́yìn pé kó má sunkún mọ́.

Nígbà tá a kọjá Ìyànà Ọ̀fà, òun àti Ráṣíìdì ti sùn lọ. Àníkẹ́ na ọrùn láti ẹ̀yìn, ó fẹnu sí mi létí.

"Dádì, mo bojú wẹ̀yìn. Mo rí yín."

Mo tẹjú mọ́ títì.

"Ìyá ní ṣé kí àwọn dá mi padà. Mo ní ẹ ń bọ̀ wá mú mi. A dúró dè yín títí." Ó tún fẹnu sún mọ́ mi. "Mi ò ní sọ fún Mọ́mì."

Kò sì tíì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, tá a bá ti gbé oúnjẹ kalẹ̀, á sún, á fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyàwó mi rò pé èmi ló fi í sílẹ̀ fún, a sì máa ní kí n lọ jókòó ti ọmọ mi. Mi ò lè jókòó síbẹ̀.

Torí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fẹnu lásán pe èèyàn wá jẹun. Ẹni tẹ́ ẹ bá sì pè tó bá dúró, ẹ má wo ọwọ́ rẹ̀, ẹ má bi í níbi tó ti wá. Ẹ ṣáà bu fún un.