Oníbàálù Kabawa àti Aṣọ Ìrìn-àjò Ìyá Rẹ̀

Ọkùnrin kan ṣoṣo ni wọ́n ń pè ní Oníbàálù ní Kabawa, àdúgbò kan ní Lọ́kọ́ja, ọkùnrin náà kò sì gun bàálù rí títí ó fi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọba. Orúkọ tí àlùfáà fún un ni Pius. Oyèníyì ni ìyá rẹ̀ ń pè é, kò sì pe èkejì rí, àfi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bámiṣayé ni orúkọ bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá sọ̀ kalẹ̀ létí odò tó sì béèrè ilé Pius Bámiṣayé, àwọn ènìyàn á máa wo ara wọn lójú títí ẹnì kan yóò fi wí pé, "Àbí Oníbàálù ló ń wí?" Ẹ̀rín a sì tẹ̀lé e, èyí tí kì í dún sókè. Ìlú tí odò méjì ti pàdé ti rí oríṣiríṣi ènìyàn, kì í pariwo rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọmọ ilẹ̀ Bùnú ni. Ilé ìwé míṣọ́ọ̀nù ló gbé e kúrò lábúlé ní kékeré, kò sì padà gbé ibẹ̀ mọ́, bí kò ṣe pé Kérésìmesì tàbí òkú bá pè é. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ó ku díẹ̀ kí a gba òmìnira, òun sì ni alábòójútó àwọn káfíńtà ní ọgbà tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ìjọba ṣe. Ó mọ igi. Ó mọ̀wé pẹ̀lú, ó sì fẹ́ kí ènìyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wù funfun tó ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ le gbagidi, nítorí sítáàṣì gbágùúdá tí Janet ìyàwó rẹ̀ ń rì í sí. Bí ó bá fẹ́ jókòó, ẹ̀wù náà á kọ́kọ́ rò ó wò kí ó tó tẹ̀.

Òyìnbó kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti ra bàálù kékeré kan láti ìlú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń kó ègé rẹ̀ sínú àpótí ránṣẹ́ kí ẹni tó rà á lè tò ó pọ̀ fúnra rẹ̀ nílé. Kò tíì tú ju àpótí kan lọ tí àkókò àtilọ sílé fi dé bá a. Ó wo àwọn àpótí, ó wo ọkọ̀ tó ń dúró dè é, ó ní kí Pius máa kó wọn lọ. Òun yóò fi ẹ́ńjìnì rẹ̀ ránṣẹ́ bí òun bá délé. Bóyá ẹ̀bùn ni, bóyá yẹ̀yẹ́ ni, Pius kò bi í. Ó kó wọn wá sílé, ó kọ́ àtíbàbà sí àgbàlá, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ó yẹ kí a sọ ọ́ kí a tó dé ibi ẹ̀rín pé iṣẹ́ náà kì í ṣe ohun ẹ̀gàn. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń lẹ̀ mọ́ra lẹ́yìn iṣẹ́ ọba lójoojúmọ́, títí ara bàálù fi yọ, tí egungun ìyẹ́ méjèèjì sì tò lẹ́sẹẹsẹ bí ti ẹja tí a ti jẹ tán. Aládùúgbò rẹ̀ Lìádì, olóbì kan tí ìdílé rẹ̀ ti Ìlọrin wá tipẹ́tipẹ́, a máa gbé ìgbọ̀nwọ́ lé orí ògiri tó là wọ́n láàárín.

"Ọ̀gá Pius, tí nǹkan yìí bá gbéra, ibo ló máa bà sí?"

"Pápá ilé ìwé."

"Ṣé àwọn ọmọ ilé ìwé ti gbọ́?"

Pius a tún bẹ̀rẹ̀ sí í fá igi.

"Ẹ má bínú. Mo kàn fẹ́ mọ ibi tí n óò so ewúrẹ́ mi mọ́ lọ́jọ́ náà ni."

Ìyá Pius, Àyọ̀ká, nìkan ni kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ahunṣọ ni, kíjìpá rẹ̀ sì lórúkọ nílé. Bí ó bá wá sí Lọ́kọ́ja, yóò jókòó sábẹ́ àtíbàbà, yóò máa gbọ́ ìró ayùn. Ọmọ rẹ̀ a sì máa ṣèlérí fún un.

"Màmá, ẹ̀yin ni n óò kọ́kọ́ gbé gòkè. A óò fò kọjá orí òkè Patti, ẹ ó rí ibi tí omi Ọya àti omi Bẹ́núè ti ń rìn pọ̀ láìdà pọ̀."

"Oyèníyì, jẹ́ kí n parí ohun tí mò ń ṣe nílẹ̀ ná."

Pius ka èyí sí bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tó kan aṣọ tí wọn yóò fi bo ìyẹ́, ó tú àpótí tó kẹ́yìn, ó sì bá ikán níbẹ̀. Wọ́n ti jẹ aṣọ òyìnbó náà di erùpẹ̀. Ọ̀dà tí à bá fi kùn ún kí ó lè fà le ti gbẹ sínú agolo bí òkúta. Ọyẹ́ ọdún náà ni Àyọ̀ká wá kí wọ́n wo ojú rẹ̀ nílé ìwòsàn. Ojú náà ti ń ṣú, wọ́n sì ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí i mọ́. Kí ó tó padà sílé, ó tú ẹrù rẹ̀, ó gbé kíjìpá funfun kan jáde, ó nípọn, ó sì mọ́ bí ẹyin.

"Aṣọ ìrìn-àjò mi nìyí," ó ní. "Òun ni mo hun kẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ ni mo fẹ́ kó wà."

Ọmọ tó bá dàgbà sí agbo ilé wọn kò ní béèrè àlàyé. Níbẹ̀, àgbà kì í dárúkọ ikú nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀ tirẹ̀. Obìnrin tó mọ aṣọ í hun a máa fọwọ́ ara rẹ̀ hun èyí tí wọn yóò fi wé e, a sì gbé e fún àkọ́bí rẹ̀ pa mọ́. Kí a fi aṣọ ọjà sin ahunṣọ, ẹ̀tẹ́ ni. Ó dà bí ẹni tó bọ́ gbogbo ìlú tí ebi wá pa òun alára kú. Àyọ̀ká ti hun fún òkú àwọn ẹlòmíràn láti ìgbà èwe rẹ̀. Tirẹ̀ nìyí, ojú rẹ̀ kò sì lè hun òmíràn mọ́. Ṣùgbọ́n Pius, ẹni tó lè pe orúkọ gbogbo egungun ìyẹ́ bàálù ní Gẹ̀ẹ́sì, gbọ́ "ìrìn-àjò", ó sì rò pé ti òkè Patti ni.

Lẹ́yìn tí ìyá ti padà sílé, Janet rí Pius tó ń fi ìwọ̀n lé aṣọ náà.

"Bàbá Comfort, ṣé ó dá yín lójú pé ohun tí Màmá wí nìyẹn?"

"Kí ló tún lè jẹ́? Mo ní n óò gbé wọn rìnrìn-àjò, wọ́n sì mú aṣọ rẹ̀ wá. Yorùbá ni wọ́n sọ."

"Mo gbọ́ pé Yorùbá ni. Ẹ dúró dè wọ́n, kí ẹ bi wọ́n."

"Wọ́n á ní mi ò mọ ẹ̀bùn gbà. Tí wọ́n bá dé ní Àjíǹde, ara ìyẹ́ ni wọ́n á ti rí i."

Ó gé e. Ó rán an mọ́ egungun ìyẹ́ bí ìwé àlàyé ti wí, kókó lẹ́yìn kókó, àlàfo wọn dọ́gba. Aṣọ náà wúwo ju ohun tí bàálù lè gbé lọ, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì gbé ìṣòro yẹn lé ẹ́ńjìnì tí kò tíì dé lọ́wọ́. Ní ti ọ̀dà, ó ronú bí ọ̀mọ̀wé. Kí ni iṣẹ́ ọ̀dà náà? Kí aṣọ lè le. Kí ló ń mú ẹ̀wù òun le? Janet po sítáàṣì sínú ìkòkò tó tóbi jù nílé, Pius sì fi kun ìyẹ́ náà. Ọyẹ́ mú un gbẹ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìyẹ́ náà funfun, ó na gbọnrangandan, àwọn ènìyàn sì ń wá láti ìsàlẹ̀ odò wá fi ìka ta á.

Ọjọ́ Ìsinmi ni ó gbé ìyẹ́ méjèèjì ti ògiri kí oòrùn lè ràn wọ́n, òun àti Janet sì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n dé, Lìádì wà láàárín àgbàlá wọn, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Ewúrẹ́ pupa kan dúró lẹ́yìn rẹ̀, fọ́nrán òwú funfun ń rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Ọ̀gá Pius, ẹ jọ̀ọ́. Orí ẹ̀ ni mo bá àwọn ewúrẹ́ mi. Mo lé wọn títí, wọn ò lọ."

Pius ń wo ìyẹ́.

"Ewúrẹ́ ò kúkú mọ bàálù," ni Lìádì wí jẹ́ẹ́. "Gbágùúdá ló mọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ gbà mí, ta ló ń fi oúnjẹ kun ọkọ̀?"

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ewúrẹ́ pupa náà ti ń jẹ́ Páílọ́ọ̀tì. Ní ọgbà ọkọ̀ omi, àwọn káfíńtà tó wà lábẹ́ Pius a máa ké bí ewúrẹ́ bí ó bá ti kọjá, wọn a sì tẹ ayùn mọ́gi kíákíá. Ó kọ́ bí ènìyàn ṣe ń bá àwọn tó ń fi í rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín. Ó rí i pé ìtìjú náà ṣeé gbé. Ó rò pé ìtìjú yẹn ni gbogbo rẹ̀.

Àyọ̀ká dé ní Àjíǹde. Ẹnu ọ̀nà ni Lìádì ti pàdé rẹ̀ tó ti sọ ìtàn Páílọ́ọ̀tì fún un, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Ẹ mú mi débẹ̀," ó ní, "kí n fọwọ́ kan ohun tí ewúrẹ́ fi ṣe ọdún."

Janet mú un lọ́wọ́ dé abẹ́ àtíbàbà. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìyẹ́, ó fà á lọ, ó fà á bọ̀. Ọwọ́ náà dúró. Ó fi èékánná wá etí aṣọ, ibi tí ahunṣọ kọ̀ọ̀kan ti ń pa òwú tirẹ̀ dé.

"Ta ló kú?" ó béèrè.

"Kò sẹ́ni tó kú, Màmá."

"Ta wá ni ẹ fi aṣọ mi wé?"

Lìádì dé fìlà rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

"Ẹ ní ti ìrìn-àjò ni, Màmá," ni Pius wí. "Mo rò pé..."

"Pius," ni ìyá rẹ̀ pè é. "Àgbà bíi tèmi, ibo ló tún kù tí mò ń rè?"

Pius fi ìyókù ọjọ́ náà tú kókó tó ta, ó ń fi ọ̀bẹ kékeré gé wọn, kò gbójú sókè. Janet fọ sítáàṣì kúrò lára aṣọ. Ó fẹ́ ra aṣọ funfun kún ibi tí ewúrẹ́ jẹ, ìyá kọ̀. Ó fẹ́ gba abẹ́rẹ́, ìyá tún kọ̀.

"Ẹni tó gé e ni kó rán an."

Pius kò sì mọ ìránṣọ mìíràn ju ti ìyẹ́ bàálù lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe so àwọn ègé náà pọ̀, kókó lẹ́yìn kókó, ìyá rẹ̀ sì jókòó tì í, ó ń fọwọ́ tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìyá ń padà sílé, òun fúnra rẹ̀ ló gbé aṣọ náà. Kò fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ mọ́.

Ẹ́ńjìnì kò dé. Adìẹ Janet bẹ̀rẹ̀ sí í yé sí ibi tí à bá jókòó sí nínú bàálù náà.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, nígbà òjò, wọ́n ránṣẹ́ láti Bùnú pé Àyọ̀ká ti lọ. Ní agbo ilé wọn, wọn a máa tẹ́ aṣọ ahunṣọ sílẹ̀ lágbàlá kí gbogbo ènìyàn lè rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó fi wé e. Wọ́n tẹ́ ẹ. Ó kúrú. Ihò abẹ́rẹ́ tò lára rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, etí rẹ̀ sì ya wọ́kuwọ̀ku. Ìyá arúgbó kan, Eunice, tí wọ́n jọ hun aṣọ láti ìgbà èwe, bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

"Kí ló ṣe aṣọ Àyọ̀ká?"

Àwọn obìnrin ń wo ara wọn lójú. Ìgbà náà ni ó yé Pius pé ìyá rẹ̀ kò sọ fún ẹnì kankan. Ìbátan rẹ̀ kan fà á lápá. "Sọ pé ikán ni," ó ní wúyẹ́wúyẹ́.

"Ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́," ni Pius wí. "Èmi ni mo gé e. Mo fi ṣe ìyẹ́ bàálù."

Ní àgbàlá náà, ọ̀rọ̀ ọ̀hún dà bí èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́.

"Ṣé ó fò?" ni Eunice béèrè.

"Kò fò, Màmá."

Ó dúró de ẹ̀rín. Ara rẹ̀ ti mọ́ ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n arúgbó náà kò rẹ́rìn-ín. Ó mú igun aṣọ kan, ó ní kí àwọn obìnrin yòókù mú tiwọn, wọ́n sì yí i padà, kí gbogbo kókó náà lè kọjú sínú, síhà òkú.

"Ẹ jẹ́ kó wà nínú," ó ní. "Bí Àyọ̀ká ṣe gbé e pa mọ́ títí di òní nìyẹn."

Wọ́n wé e bẹ́ẹ̀. Láti òde, aṣọ náà mọ́, ojú kò sì rí àbùkù kankan. Pius dúró síhà ẹsẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń gbé òkú náà, ilẹ̀ ni ó ń wò.