Asíá Tí Bàbá Mi Túmọ̀

Ọjọ́ tí olùkọ́ wa ká yẹ̀rì mi sókè níwájú kíláàsì nílùú Ọ̀jọ́ kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Iṣẹ́ bàbá mi ni kí wọ́n máa ta asíá sókè ní èbúté, kí àwọn ọkọ̀ ojú omi lè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀; asíá kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń wí. Ìyá mi a máa fi èyí tó bá gbó rán yẹ̀rì fún mi. Lọ́jọ́ náà, yẹ̀rì mi yọ lábẹ́ aṣọ ilé-ìwé. Bí olùkọ́ ṣe ká a sókè ni bàbá mi wọlé láti wá mú mi.

Olùkọ́ ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Kí ni asíá yìí ń wí?"

Bàbá mi kò fa yẹ̀rì náà wálẹ̀. Wọ́n ní, "Ó ní àrùn wà nínú ọkọ̀ yìí o, ẹ má sún mọ́ ọn!"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, bàbá mi náà sì bá wọn rín in. Ọkọ̀ Alárùn ni orúkọ mi títí mo fi jáde ilé-ìwé.

Mo ti di ìyá àgbà ní Ìbà báyìí. Mo sin bàbá mi bó ti yẹ, ṣùgbọ́n n kò sin ẹ̀rín yẹn pọ̀ mọ́ wọn.