Ẹni Tó Bá Gbá A Sómi

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni olóòtú ìwé ìròyìn wa ní Àkúrẹ́ fi rán mi lọ sílé: ṣé ọmọ Amẹ́ríkà yìí tó àgbà ọ̀jẹ̀ yín, àbí kò tó o? Ó ní kí n má kó ìtàn gígùn bọ̀. Gbólóhùn kan láti ẹnu àgbà ọ̀jẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ti tó, òun á fi ṣe àkọlé.

Ọmọ náà ò tíì pé ogún ọdún. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ọmọ àdúgbò Ugbonla, lọ́dọ̀ wa ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ni bàbá rẹ̀. Àtamátàsé ni lórí pápá, àwọn ìwé ìròyìn ọ̀hún sì ti ń fi í wé ògbólógbòó agbábọ́ọ̀lù wọn kan tó ti fẹ̀yìn tì. Lọ́dọ̀ wa, kò sẹ́ni tó mọ ìyẹn. Tiwa la mọ̀: apẹja tó kúrò létí òkun lọ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ńlá kan ní Ìbàdàn, tí a ń gbọ́ gólù rẹ̀ lórí rédíò, tó sì padà wálé nígbà tí orúnkún rẹ̀ kọṣẹ́, tó tún jókòó ti àwọ̀n bí ẹni tí kò lọ síbì kankan. Ọmọ náà ń bọ̀ wá wo ìyá bàbá rẹ̀. Bó ṣe di pé àwọn méjèèjì yóò wà nílùú kan náà nìyẹn.

Ọdún tí ìjà orí omi láàárín àwa àti àwọn aládùúgbò wa ní òdìkejì odò gbóná ni. Ní Ìgbókọ̀dá, níbi tí a ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sílé, ọkọ̀ kan kì í dá rìn mọ́; a dúró títí ọkọ̀ mẹ́rin fi kún ká tó jọ gbéra. Awakọ̀ wa kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má na ọwọ́ tọ́ka sí ohunkóhun létí igbó, nítorí ẹni tó lúgọ síbẹ̀ ò ní mọ̀ bóyá ìka ni àbí ìbọn. Nílé, àwọn àgbà ìhà méjèèjì ti fẹnu kò. Wọ́n so aṣọ funfun mọ́ òpó àwọ̀n tó gbẹ̀yìn nínú odò. Ẹni tó bá kọjá òpó yẹn, ohun tó bá rí, kó fara mọ́ ọn.

Ó yẹ kí n sọ bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Ìlú wa kò ní pápá. Bí omi bá fà lọ́sàn-án, ilẹ̀ gbọọrọ kan máa ń yọ láàárín ilé àti odò, ẹrẹ̀ lókè, iyanrìn nísàlẹ̀. Ibẹ̀ la ti ń gbá a títí omi á fi padà wá lé wa kúrò. Òfin ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù sómi ni yóò wẹ̀ lọ mú un. Àwọn tó kù á jókòó, wọ́n á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí á fi dé.

Gbogbo wa la gbà pé òfin yìí ló sọ àgbà ọ̀jẹ̀ wa di àgbà ọ̀jẹ̀. Ó kórìíra wíwẹ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, nítorí náà kò gbá a sókè rí. Gólù rẹ̀ máa ń fà nílẹ̀ bí ejò omi ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni èmi fúnra mi ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé kò gbá bọ́ọ̀lù sómi rí láyé rẹ̀.

Nígbà tí mo dé, àríyànjiyàn ti wà nílẹ̀. Obìnrin kan tó ń sá edé lórí afárá pákó dá mi dúró kí n tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó ní kí n kọ tòun sílẹ̀.

“Ojú mi ló ṣe,” ó ní. “Ibi tí mo dúró sí yìí ni mo wà. Àgbà ọ̀jẹ̀ wa gbá a, mo gbọ́ ìró rẹ̀ lára òpó. Aṣọ́lé ṣì ń wo òkè.”

Tíṣà kan tí ìjọba gbé wá láti Èkìtì wà níbẹ̀. Ó ní àwa ará ibí, bí ẹnì kan bá bi wá pé ta ló gbẹ́ òkun, a óò ní ọmọ wa ni.

“Ẹ ò lẹ́bi, Tíṣà,” obìnrin náà dá a lóhùn. “Òkè nìkan lẹ bá nílé yín, ẹ ò mọ òkun.”

Ọmọ Amẹ́ríkà náà dé lọ́jọ́ kejì. Ó ga, ó rọra ń rìn lórí afárá pákó wa bí ẹni tó ń tẹ ẹyin. Yorùbá tí wọ́n ń sọ lórí rédíò kò yé e. Ìlàjẹ ló gbọ́, èyí tí bàbá rẹ̀ fi ń bá a wí nílé lọ́hùn-ún, ó sì gbó ju tèmi tí mo ti pẹ́ ní Àkúrẹ́ lọ. Nígbà tó kí ìyá bàbá rẹ̀, ìyá náà kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ọmọ òun gan-an ló wà níbẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀.

Ó kó fídíò dání. Ilé Tíṣà la ti wò ó, nítorí òun ló ní tẹlifíṣọ̀n àti jẹnẹrétọ̀. Gólù mọ́kànlá. Igun òkè ni gbogbo wọn ń wọ̀, bí ẹni ju òkúta sórí àjà. Àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo. Àgbà ọ̀jẹ̀ wa jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún síwájú. Mo wòye pé ìdájọ́ yìí ò ní rọrùn: ti ọmọ náà wà nínú fídíò, ti àgbà ọ̀jẹ̀ wà lẹ́nu wa nìkan.

Mo gbé rẹ́kọ́dà sún mọ́ ọn. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó tó yín?”

“Ilẹ̀ tó ti ń gbá a yẹn, wọ́n gé koríko rẹ̀ bí irun orí ọkọ ìyàwó,” ó ní. “Mi ò tíì rí i lórí ẹrẹ̀.”

Ọmọ náà gbọ́ ọ. Nígbà tí a jáde, ó sọ fún mi pé òtítọ́ ni pé ìyá àgbà lòun wá wò. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni bàbá òun ti ń sọ ọ́ pé ẹni yòówù tí wọ́n bá fi òun wé níbẹ̀, àwàdà ni. Kí òun lọ gbọ́ ìdájọ́ lẹ́nu àgbà ọ̀jẹ̀ tó wà nílé. Ó ní òun ò ní padà láìgbọ́ ọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, omi fà. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni ti gbá bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ yẹn gbẹ̀yìn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣọ́ ìlú gbà pé ká gbá a díẹ̀. Láti àárọ̀ ni gbogbo ènìyàn ti ń ròyìn òfin wa fún àlejò, pẹ̀lú ìyangàn, tọkùnrin tobìnrin. Ohun tí ẹnì kankan ò rántí sọ fún un ni pé láti ìgbà tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀, a ti fi òfin náà sílẹ̀.

Àgbà ọ̀jẹ̀ jókòó sórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ọmọ náà ṣubú lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú kan, àwọn èèyàn sì fi í rẹ́rìn-ín dáadáa. Ó bọ́ bàtà olówó ńlá rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á láàyè. Ó gbá gólù kan wọlé, ó gbá èkejì. Mo wo ojú Ẹ̀gbọ́n. Kò yí padà, ṣùgbọ́n ó ti fi àwọ̀n tó ń hun sílẹ̀.

Ìkẹta ló fò. Ó ga ju òpó lọ, ó kọjá orí gbogbo wa, ó sì bọ́ sáàárín odò níbi tí omi ti ń fà lọ sí ìhà kejì. Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn, bí a ṣe ń ké e láti kékeré: “Lọ mú un!”

A bú sẹ́rìn-ín. Kí ẹ̀rín tó kúrò lẹ́nu wa, ọmọ náà ti wà nínú omi.

Ó mọ̀ ọ́n wẹ̀, ṣùgbọ́n nínú omi tó dúró jẹ́jẹ́ ló ti kọ́ ọ. Omi gbé e, ó gbé bọ́ọ̀lù, àwọn méjèèjì sì jọ kọjá òpó aṣọ funfun. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ ìlú gbé ìbọn sókè, Ẹ̀gbọ́n sì fi ọwọ́ tẹ ẹnu ìbọn náà wálẹ̀. Ó ti ti ọkọ̀ kékeré kan sómi. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ́ sínú rẹ̀.

A fa ọmọ náà wọ inú ọkọ̀ níbi tí ohùn ti lè dé igbó. Ìgbà yẹn gan-an ni ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan yọ láti abẹ́ igi. Àwọn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ìbọn wà lórí itan ọ̀kan. Àgbàlagbà tó wà níwájú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé bọ́ọ̀lù wa kúrò lójú omi. A ti jọ nájà rí kí ìjà tó dé, nítorí náà Yorùbá ló fi bá wa sọ̀rọ̀.

“Ẹ dúró síbẹ̀.” Ó wo Ẹ̀gbọ́n títí. “Ìwọ kọ́ nìyẹn?”

“Èmi ni.”

“Ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́, ní Okitipupa. Èmi ni aṣọ́lé ìhà kejì.”

“Mo rántí,” Ẹ̀gbọ́n dáhùn. “Apá òsì rẹ ló gbà wọlé.”

“Òkè ni mò ń wò.” Ó gbá bọ́ọ̀lù náà mọ́ àyà. “Ọjọ́ yẹn mi ò rí i mú. Tòní, mo mú un. Mi ò ní dá a padà.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó bèèrè ẹni tí ọmọ náà jẹ́. Ẹ̀gbọ́n sọ fún un pé ọmọ wa ni, Amẹ́ríkà ló ti wá, ó gbá bọ́ọ̀lù sómi ni, a sì gbàgbé láti sọ fún un pé a kì í lọ mú un mọ́. Ọkùnrin náà mi orí.

“Ẹ gbé e lọ,” ó ní. “Kó má tún kọjá òpó o. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa ò gbá bọ́ọ̀lù rí.”

Ẹ̀gbọ́n ló wa ọkọ̀ padà. Ọmọ náà ń gbọ̀n láàárín wa. Nígbà tí a kọjá òpó aṣọ funfun sí ìhà tiwa, Ẹ̀gbọ́n bi mí bóyá rẹ́kọ́dà mi wà lọ́wọ́. Mo ní ó wà ní èbúté.

“Fi ọkàn kọ ọ́, nígbà náà. Mo máa ń gbá a sómi.”

Mo yíjú wò ó.

“Bíi gbogbo èèyàn ni. Nígbà tí wọ́n ti ń dá mi mọ̀, kí n tó yíjú, ẹ̀yin ọmọdé á ti bẹ́ sódò. Ẹ ò jẹ́ kí n wẹ̀ rí. Ìwọ gan-an wà níbẹ̀.”

Mo wà níbẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo rí i: òtútù omi ní àyà mi, bọ́ọ̀lù lábẹ́ àgbọ̀n mi, àwa mẹ́fà tàbí méje tí a ń bá ara wa du ú, torí ẹni tó bá mú un dé ni yóò gbé e lé Ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́. A fi í yangàn títí a fi gbàgbé ìwẹ̀ tiwa.

“Ọmọ yìí tó mi,” Ẹ̀gbọ́n ní. “Ní ti ká lọ mú ohun tí a gbá nù, ó jù mí lọ. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Ọmọ náà ní kó jọ̀ọ́, kó tún un sọ. Ó tún un sọ ní Ìlàjẹ, ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tó fẹ́ kí ó dé etí bàbá rẹ̀ lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. “Ṣùgbọ́n ó ń gbá a sókè jù. Ìyẹn náà, kọ ọ́.”

Ìyá àgbà dúró ní èbúté pẹ̀lú ìró lọ́wọ́. Ó fi í bo ọmọ náà lára, ó bú gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá bú Ẹ̀gbọ́n kẹ́yìn.

Ní Àkúrẹ́, olóòtú mú “Ọmọ yìí tó mi” fún àkọlé. Ó fẹ́ yọ ibi tí àgbà ọ̀jẹ̀ ti ní òun ń gbá a sómi, ó ní yóò dín iyì rẹ̀ kù. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo fi ìlà kan kún un lábẹ́ rẹ̀ pé èmi ni mo ti kọ irọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta, àti pé mo wà lára àwọn tó máa ń bá a lọ mú un.