Ẹ̀rọ Ìlagi Tí Wọ́n Fẹ́ Gbà Lọ́wọ́ Ìyá Mi

Ẹni tó bá ní obìnrin kì í la gẹdú, kó wá wí i lójú mi. Ìyá tó bí mi là á, ní Iba, nígbà tí igbó ṣì pọ̀ lọ sápá Ọ̀tọ̀-Àwórì, tí gbogbo ẹni tó ralẹ̀ sí Okokomaiko ń wá pákó tí wọn á fi kan òrùlé. Bàbá mi ló ra ẹ̀rọ náà ní tòkunbọ̀. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní sọ́míìlì o. Ẹ̀yìn mọ́tò ni wọ́n ń so ó mọ́, kó lọ bá gẹdú níbi tó bá wó sí. Orí irin gígùn méjì ló ń rìn, ayùn rẹ̀ sì ń yí po bíi bẹ́líìtì.

Nígbà tí ojú bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, ìyá mi ló gba iṣẹ́ náà ṣe. Bàbá á kàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, á káwọ́ lẹ́yìn, àwọn oníbàárà á sì máa kí i: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá!" Ìyá mi á rẹ́rìn-ín sínú. Òun ló ń pọ́n ayùn, òun ló ń da omi ọṣẹ sí i kí oje igi má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Mo ti ń ránṣọ ní Iyana-Iba nígbà yẹn, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ń lagi, ó di kí n pa ṣọ́ọ̀bù dé kí n lọ wò ó. Ìyá mi kì í ti ẹ̀rọ. Ńṣe ló ń bá a rìn.

Bàbá kú. Erùpẹ̀ ibojì rẹ̀ ò tíì gbẹ tí ẹbí fi jókòó. Wọ́n ní ilé di ti ọmọ, àmọ́ ẹ̀rọ di ti àbúrò bàbá mi, tí à ń pè ní Bàbá Kékeré. Irin ni, wọ́n ní, ọkùnrin ló ń jogún irin. Inú bí mi gan-an. Kí ni wọ́n wá fẹ́ kí ìyá mi máa ṣe? Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ayọ̀ rẹ̀ náà nìyẹn. Òun ò tiẹ̀ jà. Ó kàn ní òun ti ṣèlérí fún ìjọ aláṣọ funfun kan l'Ọ̀tọ̀-Àwórì pé òun máa bá wọn la ọ̀gànwó tí ìjì wó nínú ọgbà wọn, tí wọ́n fẹ́ fi kan bẹ́ǹṣì. Kí wọ́n jẹ́ kí òun là á tán, kí wọ́n máa gbé ẹ̀rọ lọ.

Bàbá Kékeré gbé mọ́tò wá láti Abẹ́òkúta lọ́jọ́ tí a máa là á. Èèyàn dáadáa ni, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Wàǹwára ni tirẹ̀.

"Ìyàwó, jẹ́ kí n ti máa mọ ọwọ́ ẹ̀."

Ìyá mi fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún un. Pákó kìíní já, ó pupa fòò, inú Bàbá Kékeré dùn. Èkejì já, ìlà dúdú kan sì wà lára rẹ̀, bí ìgbà tí aró bá ta sí aṣọ.

"Ọkọ mi, ẹ dúró ná," ni ìyá mi wí. "Irin wà nínú igi yìí, ìpẹtà rẹ̀ ló pa á láró yẹn."

"Irin kẹ̀? Ẹwà igi mà nìyẹn!" Ó tún ti ẹ̀rọ síwájú.

Ìyá mi ò bá a jiyàn. Ó nawọ́, ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó wá yíjú sí àgbà ìjọ tó dúró tì wá.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo lẹ máa ń gbé agogo yín kọ́?"

Bàbá náà la ẹnu. "Ara igi yìí náà ni láyé àwọn tó ṣáájú wa. A wá ìkọ́ rẹ̀ tì, a rò pé ó ti já bọ́."

Ìyá mi mú ṣísẹ́lì, ó gbẹ́ ibẹ̀. Áà! Irin tó nípọn ju àtàǹpàkò lọ ló yọ, igi ti gbé e mì pátápátá. Bí ayùn bá pàdé rẹ̀, jíjá ni ì bá já, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ni ì bá sì kọ́kọ́ fò lù. Bàbá Kékeré wo irin, ó wo àyà ara rẹ̀. Òógùn bò ó.

"Ẹ gbà á, ìyàwó," ó wí, ó sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo ìyá mi, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ló ṣe mí bíi kí n dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un bí ọkùnrin. Ó fi etí sí ẹ̀rọ bí abiyamọ ṣe ń fetí sí ẹkún ọmọ. Tí ohùn rẹ̀ bá wúwo, á dẹwọ́. Tó bá fúyẹ́, á tẹ̀síwájú. Pákó ń já, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ, lẹ́búlẹ́bú pupa bo gèlè rẹ̀. Bàbá Kékeré fúnra rẹ̀ ló ń gbé pákó tò.

Nígbà tí gẹdú tán, ìyá mi tú ayùn, ó nù ún, ó nu ẹ̀rọ látòkè délẹ̀ bí ẹní ń wẹ ọmọ tó ń lọ sílé ọkọ. Ó yíjú síbòmíràn.

"Ó ti yá, ọkọ mi. Ẹ so ó mọ́ mọ́tò."

Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún, n ò tijú ẹnì kankan. Bàbá Kékeré rìn yí ẹ̀rọ náà po, ó fọwọ́ kàn án. Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó ṣíná sí i, ó lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà nílé ẹbí ní Abẹ́òkúta nígbà tí Bàbá Kékeré délé, òun ló ròyìn fún wa. Ó ní bí ẹbí ṣe rí mọ́tò lófìfo, ariwo ta: ẹ̀rọ dà? Bàbá Kékeré ò tiẹ̀ tíì jókòó tó fi dá wọn lóhùn.

"Mo débẹ̀. Mo bá ẹni tó ni ín nídìí ẹ̀."