Ẹ̀gẹ́ Ni Mo Gé, Fíìmù Kọ́ Ló Bà Mí Jẹ́

Oje ẹ̀gẹ́ tútù ní òórùn kan tó dà bíi ti ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Òórùn yẹn ló kún imú mi ní àárọ̀ Sátidé kan, ní oko wa lẹ́yìn Ìkẹ́rẹ́, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjìlá, tí mo fi àdá bàbá mi bẹ́ ẹ̀gẹ́ ebè méjìlélógún lulẹ̀. Koríko ìdí wọn ni wọ́n ní kí n ro. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọmọ ogun ọ̀tá ló tò síbẹ̀.

Ilé Tíṣà, aládùúgbò wa, ni mo ti kọ́ ọ. Tíṣà ní àwo fíìmù kátúùnù àwọn ará Japáànù, ìyàwó rẹ̀ sì máa ń jẹ́ kí àwa ọmọ àdúgbò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pálọ̀ wọn bí iná bá wà. Mo fẹ́ràn àwọn sámúráì, jagunjagun tó ń so irun mọ́ àtàrí, tí wọ́n á dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni ń gbàdúrà, tí idà á kàn kọ mànà lẹ́ẹ̀kan. Àwọn mìíràn ń jagun láàrin ìràwọ̀, wọ́n ń wa ènìyàn onírin tó ga ju òkè Olósùnta lọ. Obìnrin wà lára àwọn tó ń wà á. Ní àdúgbò wa nígbà náà, obìnrin kan kì í wa ọ̀kadà pàápàá.

Bàbá mi wo oko, ó wò mí, kò nà mí. Màmá Ẹmùré, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wá kí wa, ló gba ọ̀rọ̀ náà sọ nírọ̀lẹ́.

"Ìwọ Japáànù, wá kúnlẹ̀ síbí. Ta ni yóò fẹ́ obìnrin tó ń fi idà ṣeré?"

Ó ní ẹ̀mí burúkú ló wà nínú fíìmù náà. Bàbá mi wá ní kí n lọ sọ ọ́ fún ìyàwó Tíṣà, lẹ́nu ara mi, pé fíìmù rẹ̀ ló bà mí jẹ́, kí ọ̀rọ̀ parí. Bí n kò bá sọ ọ́, èmi nìkan ni n ó tún oko náà gbìn. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, obìnrin náà kò ní ṣílẹ̀kùn fún ọmọ kankan mọ́.

Òwe yèyé mi, ìyá tó bí mi, ni pé ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ó pa á lọ́jọ́ náà, ó ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n ṣe bí wọ́n ṣe wí. Mo sì mọ tèmi lẹ́bi.

"Ẹ má bínú, bàbá mi," mo ní. "Èmi ni mo gé ẹ̀gẹ́. Fíìmù kọ́ ló gé e."

Màmá Ẹmùré pòṣé. Orúnkún ń ta mí títí ilẹ̀ fi ṣú, n kò fi nǹkan kan kún un.

Bí mo bá ti ilé ìwé dé, oko ni. Mo ń gé igi ẹ̀gẹ́ náà sí wẹ́wẹ́, mo ń tì í bọ inú ebè tuntun, ọwọ́ mi lé ròrò. Ní ọjọ́ kẹta ni yèyé mi yọ sí mi tòun ti ọkọ́.

"Olóríkunkun," ó ní. "Sún sí ọ̀hún, jẹ́ kí n rí ibi dúró sí."

Bàbá mi rí wa, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí mo padà sí pálọ̀ Tíṣà, ẹnikẹ́ni kò dá mi dúró.

Èmi náà ti di ìyá ọmọ. Mo ti bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí n kò ṣẹ̀, nílé ọkọ àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí àlàáfíà ṣáà lè wà. Ọmọ ọdún méjìlá yẹn kò mọ̀ ọ́n ṣe. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ìyá ìjọ kan ní kí n gba fóònù lọ́wọ́ ọmọbìnrin mi, pé kátúùnù yóò bà á jẹ́. "Ẹ má bínú, mà" ti dé ètè mi. Mo gbé e mì.

"Ọmọ mi ni, mà," mo ní. "Mo máa ń jókòó tì í, èmi náà sì ń wò ó."

Ohùn mi gbọ̀n. Ti ọmọ ọjọ́ yẹn kò gbọ̀n.