Ẹja Tó Ń Ti Òdìkejì Odò Wá

Odidi ọdún mẹ́ta ni ẹja fi ń ti òdìkejì odò wá bá wa nílé. Ẹja àrọ̀ ni, wọ́n á ti ká a róbótó, wọ́n á fi igi tín-ín-rín gún un mọ́ra, wọ́n á yan án títí á fi dúdú. Obìnrin kan tó máa ń sọdá wá ta ẹ̀fọ́ ní ọjà Kpata, ní Lọ́kọ́ja níbí, ló ń bá wa gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi. Á pè mí lórí fóònù pé, “Mọ́mì Ajíhìnrere, ìyá yín ti fi ẹrù ránṣẹ́ o!” Ọkọ mi á yọ̀ bí ọmọdé. Á bu ẹja sẹ́nu, á mi orí, á ní, “Ìyàwó, ìyá yìí mà lọ́kàn rere o. Èèyàn tí mo ṣe níbi tó dárí jì mí, tó tún ń bọ́ mi.” Èmi á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n n kò jẹ nínú ẹja yẹn rí. Bó bá ti yíjú báyìí, mo máa kó ìyókù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá ẹ̀yìnkùlé wa ní Ganaja. Mo máa ní inú ń run mí. Inú wo ló ń run mí? Ohun tí mo ṣe ni kò jẹ́ kó gba ọ̀fun mi kọjá, òun náà ni mo sì fẹ́ sọ yìí.

Ajíhìnrere ni ọkọ mi, kì í ṣe olùṣọ́-àgùntàn tó ní ìjọ tirẹ̀ lójú kan. Ibi tí wọ́n bá ti pè wá là ń lọ. Báàgì wa kì í tú: Bíbélì méjì, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, fúláàsì omi gbígbóná, ìgò oyin nítorí ohùn rẹ̀, àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan ṣoṣo tí mo máa ń fọ̀ ní gbogbo alẹ́ tí mo sì máa ń lọ̀ ní gbogbo àárọ̀. A ti sùn sórí bẹ́ǹṣì nínú kíláàsì, a ti sùn sí ilé ìdáná ẹlòmíràn pẹ̀lú ewúrẹ́. N kò ráhùn. Àbí, mo ráhùn, ṣùgbọ́n mo tẹ̀ lé e.

Ọmọ Yàgbà ni, Yorùbá ló gbọ́, àti gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tó fi ń bá ọlọ́pàá ojú ọ̀nà sọ̀rọ̀. Ará Ìjùmú ni bàbá tèmi, ṣùgbọ́n Ígálà ni ìyá mi, ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn ìyá mi ni mo sì dàgbà sí. Nítorí náà, bí a bá ti sọdá omi, èmi ni ẹnu ọkọ mi. Ó sọ gbólóhùn kan, mo túmọ̀ rẹ̀. Ó fò sókè, mo fò sókè. Ó bú sẹ́kún, èmi náà á wá ẹkún díẹ̀ jáde. Àwọn obìnrin máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìwàásù tèmi dùn ju tọkọ mi lọ. Mo máa ń ní ẹ má jẹ́ kó gbọ́ o. Ká má parọ́, ó ń dùn mọ́ mi nínú.

Ó ti tó ọdún márùn-ún báyìí tí wọ́n pè wá sí ìsọjí ní abúlé kan ní òdìkejì odò. Gìrì ń mú ọmọbìnrin kékeré kan níbẹ̀, kò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Ọkùnrin tó gbà wá sílé ń bá wa sọ̀rọ̀ níbi oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, ó ní ọmọ méjì ti kú nínú agbo ilé yẹn ṣáájú, ó ní ọwọ́ ìyá bàbá ọmọ náà kò mọ́. Èmi fúnra mi ni mo túmọ̀ òfófó náà fún ọkọ mi, tẹnu tẹnu, a jọ ń gé iyán. Kò ju wákàtí kan lọ lẹ́yìn náà, ìsọjí ti gbóná, orin ti wọra, ọkọ mi la ẹnu, ó ní, “Olúwa fi ìyá àgbà kan hàn mí nínú agbo ilé yìí. Ọwọ́ rẹ̀ ló wà lọ́rùn ọmọ yìí.”

Ìyẹn, mo túmọ̀ rẹ̀ láìku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Mo tiẹ̀ na ọwọ́ sókè.

Wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù ní Lọ́kọ́ja lọ́jọ́ kejì, dókítà ní ibà ni, ó tọ́jú rẹ̀, ara rẹ̀ yá. Ta ló rántí dókítà? Ẹ̀rí tí wọ́n ń jẹ́ ni pé ọjọ́ tí wọ́n lé ìyá àgbà kúrò nílé ni gìrì fi ọmọ sílẹ̀. Wọ́n kọ́ ahéré kan fún un létí omi, níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja, ó ń dá gbé ibẹ̀. Ẹ̀rí ọmọ yẹn sì ti abúlé kan dé òmíràn, ìpè ń wá lọ́tùn-ún lósì. Yàrá kan là ń gbé ní Karaworo tẹ́lẹ̀; ìgbà yẹn la kó wá sí yàrá méjì ní Ganaja. Ẹ gbọ́ mi yé, lórí ẹ̀yìn ìyá arúgbó kan ni.

Ọkọ mi kò gbádùn rẹ̀. Á jí láàárọ̀, á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, á máa wo ilẹ̀. Nígbà tó di ọdún kejì, ó ní, “Ìyàwó, Ọlọ́run kò fi nǹkan kan hàn mí lọ́jọ́ yẹn. Ìwọ náà mọ̀.”

Mo ní, “Dádì, ẹ jẹ́ kọ́rọ̀ yìí sùn. Ara ọmọ ṣáà ti yá.”

Ó ní, “Ìyá ńkọ́?”

Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú sí i, mo bi í pé ta ló máa tún pè wá bí aráyé bá gbọ́ pé a máa ń fi òfófó ṣe ìran. Kò gbọ́. Ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, a sì sọdá.

Wọ́n pe àwọn ará abúlé jọ sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n lọ mú ìyá àgbà wá láti etí omi, ó jókòó sórí àpótí níwájú wa. Ọkọ mi kò mú máìkì dání. Ó ní, “Mo parọ́ mọ́ ìyá yìí. Ọlọ́run kò fi wọ́n hàn mí. Òfófó ni mo gbọ́ tí mo pè ní ìran. Wọn kò ṣe nǹkan kan. Ẹ dá wọn padà sílé wọn. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí.”

Gbogbo wọn wá yíjú sí mi.

N kò ní sọ pé ó ṣèèṣì. Kí n tó la ẹnu, mo ti wo àyíká. Ọjọ́ ọjà ni, àwọn tó gbọ́ Yorùbá nínú wọn ti sọdá lọ sí Kpata. Mo wá fi Ígálà sọ pé, “Ìránṣẹ́ Ọlọ́run ti gbààwẹ̀ lórí ìyá yìí. Ọlọ́run ti wẹ̀ ẹ́ mọ́, ó ti dárí jì í. Ẹ mú un padà sílé.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbà wò mí, ó wò mí pẹ́, ó wo ọkọ mi, ó sì kúnlẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ dárí jì mí.” Ọkọ mi bi mí pé kí ni wọ́n sọ. Mo ní, “Wọ́n ní àwọn ti dárí jì yín.” Háà! Ọkùnrin yẹn dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyẹ̀pẹ̀ tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ń sunkún. Ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀ ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Nínú ọkọ̀ ojú omi tí à ń bọ̀ wálé, ó ń kọrin, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “O ṣeun. Tí kò bá sí ẹnu rẹ, báwo ni ǹ bá ṣe sọ ọ́?”

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni ẹja àkọ́kọ́ dé.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Lójú mi, òtítọ́ tèmi kò rówó ọkọ̀ san. Àfi ní oṣù tó kọjá, tí ẹja kò wá. Ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní ẹsẹ̀ ń dun ìyá. Ọkọ mi ń lọ sí Kàbbà fún ìsọjí, ó ra mílíìkì àti ṣúgà, ó ní kí n lọ bá òun wo Màmá. Mo lọ. Kí ni mo fẹ́ sọ pé ó dé tí n kò fi ní lọ?

Yàrá tó kángun sẹ́yìnkùlé ni wọ́n fún un nínú agbo ilé náà. Mo rí ààrò tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìkòkò tirẹ̀ lọ́tọ̀, àwo tirẹ̀ lọ́tọ̀. Inú rẹ̀ dùn sí mi, ó fi Ígálà kí mi kí mi, ó tiro lọ síbi ààrò, ó bu ọbẹ̀ ẹja wá. Ọmọbìnrin kékeré ọjọ́sí ń kọjá lọ, ó ti di ọmọ ọdún mẹ́jọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn. Mo pè é pé kó wá bá wa jẹun. Ó dúró lókèèrè. Ó ní, “Wọ́n ní ká má jẹ nǹkan ọwọ́ ìyá àgbà.”

Mo bi ìyá pé láti ìgbà wo. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Láti ọjọ́ tí mo padà dé. Ẹni tí wọ́n dárí jì, ó ṣáà ti ṣe é. Ta ni kó wá bá mi jẹ ẹja mi? Ẹ̀yin nìkan lẹ ń bá mi jẹ ẹ́.”

Èmi tí n kò tọ́ ọ wò rí.

Bó ṣe tún sọ̀rọ̀, Yorùbá ló jáde lẹ́nu rẹ̀, Yorùbá tó ja geere, bí ti àwọn oníṣòwò Ìlọrin. Ó ní, “Ọmọ mi, Kpata ni mo ti ta ẹja láti ìgbà tí mo wà lọ́mọge, ọ̀dọ̀ àwọn Yorùbá ibẹ̀ ni mo ti kọ́ èdè yìí. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ ẹ lọ́jọ́ náà. Mo sì gbọ́ tìẹ náà.”

Mo ní, “Màmá, kí ló dé tí ẹ kò sọ̀rọ̀?”

“Ta ló máa ń gba àjẹ́ gbọ́? Mo fẹ́ padà sílé mi. Ilẹ̀kùn tí o ṣí ni mo bá wọlé.”

Mo wólẹ̀ fún un, mo bú sẹ́kún. Ó fi ọwọ́ gbá mi léjìká. “Dìde, jẹun. Èmi ti gbọ́. Àwọn ni kò tíì gbọ́.”

Mo jẹ ẹ́. Iyọ̀ pọ̀ jù nínú rẹ̀, mo sì jẹ ẹ́ tán. Ìyá ọmọ náà jáde wá mú ọmọ rẹ̀, mo dìde tèmi ti àwo lọ́wọ́, mo fi Ígálà sọ ọ́ fún un: pé ọkọ mi kò rí ìran kankan, pé òfófó ni, pé ó wá jẹ́wọ́ lábẹ́ igi máńgòrò yẹn, èmi ni mo yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, pé ìyá ọkọ rẹ̀ kò ṣe ohunkóhun rí. N kò fi nǹkan kún un, n kò yọ nǹkan kúrò. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n wọlé lọ.

Ìyá àgbà ń palẹ̀ àwo mọ́. Ó ní, “Lọ́la, tún un sọ.”

N kò wọ ọkọ̀ padà lọ́jọ́ yẹn. Mo jókòó sórí àpótí rẹ̀, mo pe ọkọ mi ní Kàbbà. Ó kí mi bí ará Yàgbà, ó ní, “Ọ̀kun o, ìyàwó! Ara Màmá ńkọ́?” Mo ní kó ti ìsọjí bọ̀ wá bá mi ní òdìkejì odò, mo sì sọ ohun tí mo ṣe fún un, látìbẹ̀rẹ̀.

Ó wá bi mí pé, “Nígbà tí Màmá kúnlẹ̀ yẹn, kí ni wọ́n sọ?”

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Mo ní, “Wọ́n ní ẹ ṣeun tí ẹ dárí ji àwọn.”